Férémù Òfìfo Inú Pálọ̀ Má-Mira

Gìgísẹ̀ ni.

Ẹ yí fọ́tò náà sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, ẹ gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, gìgísẹ̀ náà ni. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ìyàwó ẹni tó ya fọ́tò ló wà ní igun fọ́tò lọ́hùn-ún, tó ń jáde lọ bí àlejò tí inú ń bí. Gbogbo ìyókù jẹ́ eruku àti koríko, pẹ̀lú ìdajì ajá kan tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè.

"Èmi nìyí?" ìyàwó bi í.

"Ìwọ mà ni," ọkọ dá a lóhùn. "Wo bó ṣe mọ́ kedere. Ibi tí gìgísẹ̀ náà ti sán gan-an hàn."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi gbogbo ara sáré, gìgísẹ̀ tó sán lẹ rí mú."

Ẹ̀rín ń pa mí!

Gbogbo ìlú ló mọ ọkùnrin yìí sí Má-Mira. Ilé fọ́tò rẹ̀ kọjú sí ilé ìfowópamọ́: yàrá kan péré, aṣọ funfun lára ògiri, àpótí ìjókòó kan láàárín, àti iná méjì tó ń mú èèyàn làágùn. Ohunkóhun tó bá ti lè jókòó, ẹ sáà gbé e wá. Má-Mira á yà á débi tí ìyá tó bí i á fi máa béèrè pé ta lẹni tó rẹwà báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kàn jókòó bẹ́ẹ̀ lásán. Ìka méjì ni yóò fi gbá yín lágbọ̀n mú. "Àgbọ̀n sókè. Èjìká sílẹ̀. Ọwọ́ lórí itan. Ẹ má ṣẹ́jú. Ẹ má mí." Á wá fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ògiri, á di ojú kan, á sì pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó:

"MÁ MIRA!"

Kẹ́!

Bí ẹ bá fi lè gbé itọ́ mì pẹ́nrẹ́n, ẹ ti dáràn. Á nu àpótí, á tún aṣọ ògiri tò, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mí títí yóò fi sọ pé, "Ó wọlé! Ẹ mí."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń rán àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ fún fọ́tò káàdì: ilé ìwòsàn, ilé búrẹ́dì, àwọn alágbàfọ̀, àwọn tó ń pín lẹ́tà, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ káàdì, lọ́dọọdún ni wọ́n ń padà sórí àpótí. Ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Nígbà kan, eṣinṣin bà lé imú ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà. Eṣinṣin náà rìn, ó wọ ihò ọ̀tún, ó gba ihò òsì jáde, ó wá dúró sórí ṣóńṣó imú. Apínlẹ́tà ò ṣẹ́jú. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó dáa gan-an, eṣinṣin náà sì wà níbẹ̀ kedere.

Eṣinṣin gan-an ò mira.

Ṣùgbọ́n kí nǹkan kan máa rìn. Kí nǹkan kan sáré. Kó tiẹ̀ gbọn ìrù lásán.

Ó parí fún Má-Mira nìyẹn.

Òun náà ò sì fi bò. Bí ẹ bá bá a níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé níbi ìgbéyàwó kan, òun dá ọkọ àti ìyàwó dúró lójú agbo, òun ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ijó dúró, mo fẹ́ ya ijó yín." Fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé wọ́n pe òun sí ìdíje bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ń wọ àwọ̀n bí òjò, ohun tí òun mú bọ̀ ni fọ́tò òpó gòólù.

"Òpó náà rẹwà," á sọ bẹ́ẹ̀, á sì máa fi ọwọ́ gbá itan. "Bí ẹ bá fẹ́ ya òkè, èmi ni kí ẹ pè. Òkè kì í sáré."

Bó ṣe ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín nìyẹn, kì í dùn ún. Ti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń dùn ún.

Ìyẹ̀fun ni obìnrin náà ń pò ní ilé búrẹ́dì. Apá rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wá wò. Lọ́dọọdún, àwọn ibi iṣẹ́ ìlú náà máa ń bára wọn sá eré ìje lórí pápá, ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún ni nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn máa ń gba ipò kìíní, tí ìyàwó Má-Mira máa ń gba ipò kejì, tí Má-Mira sì máa ń ya eruku. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì wá ti sọ ọ́ ní gbangba pé èyí tó ń bọ̀ yìí ni yóò jẹ́ eré ìkẹyìn fún obìnrin náà, ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ ṣì dá ni yóò máa sáré fún wọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Lẹ́yìn èyí, mi ò ní sáré mọ́," obìnrin náà sọ. Fọ́tò gìgísẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wo ara ògiri yìí. Mo jókòó níbí. Mo jókòó lọ́hùn-ún. Èyí tẹ́ ẹ yà mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo jókòó. Ẹni tó bá wọlé wa á rò pé wọ́n bí mi mọ́ àga ni."

"O jókòó dáadáa ṣá."

"Ọkọ mi, mi ò ṣàwàdà. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí ojú mi wà níbẹ̀. Kí eré wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Má-Mira lákínyẹmí ara. Ojú tì í gidi. Bí ojú bá sì ti ti ọkùnrin yẹn, ṣe ló máa ń fọ́nnu.

Ó jáde, ó lọ ra férémù. Kì í ṣe férémù kékeré o! Férémù tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, aláwọ̀ góòlù. Ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ lófìfo, gbó! gbó! gbó! Ó dojú kọ ìyàwó rẹ̀, ó gbá àyà.

"Ibí ni eré rẹ máa wà. Bí mo bá kùnà, fọ́tò tí Kíá-Kíá bá yà ni kí a fi síbẹ̀!"

Ìbúra ńlá nìyẹn. Kíá-Kíá ni ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀ọ́kán ilé fọ́tò rẹ̀. Kò ní àpótí, kò ní aṣọ ògiri. Fóònù ló fi ń ya èèyàn. Ẹ ṣì ń kí i lọ́wọ́ pé ẹ kú àárọ̀, ó ti yà yín tán, ẹnu yín ṣì là sílẹ̀. Má-Mira máa ń sọ pé ìyẹn kì í ṣe fọ́tò yíyà, olè jíjà ni.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àlejò tó bá wọ pálọ̀ ló ń béèrè ẹni tó wà nínú férémù òfìfo.

"Èmi ni," ìyàwó á fèsì. "Mo ti sáré kọjá."

Ẹ gbà mí o!

Ni Má-Mira bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ lágbà. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ló kọ́kọ́ fi ṣe, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn. Aládùúgbò tó ni aṣọ jáde, ó ka ọwọ́ lérí, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi fọ́tò àwọ̀tẹ́lẹ̀ òun ṣe. Má-Mira sá. Ó kọjú sí àkùkọ. Àkùkọ ilé kejì máa ń fò sílẹ̀ látorí ògiri láràárọ̀, ó sì lọ lúgọ dè é.

Àkùkọ na ọrùn. Má-Mira di ojú kan.

Àkùkọ na ìyẹ́. Má-Mira la ẹnu.

"MÁ MIRA!"

Pàràpàrà-pà! Àkùkọ gba orí rẹ̀ kọjá, ìyẹ́ kan há sí i nírun. Ògiri nìkan ló wọlé.

Ó ní ẹyẹ ilé ni ò mọ̀wà hù, ó kọrí sí odò tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn lékeléke ti ń jẹ̀. Ó rí ọ̀kan tó funfun nini, tó fẹ́ gbéra. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ṣọ́ọ̀bù, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀.

Létí odò, kò sí ògiri.

Gbòlàà!

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù lókè omi, kámẹ́rà ló sì wà lọ́wọ́ náà. Nígbà tó gbé orí sókè, lékeléke ò lọ. Ó dúró, ó ń wò ó, bí ẹni tó ń dúró de apá kejì eré.

Omi ń kán tótó lára rẹ̀ títí dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lẹ rí yà?"

"Ẹyẹ kan tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó mà dúró?"

"Ó dúró kó lè rí mi dáadáa ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó wá jókòó, ó ń fi tówẹ̀ẹ̀lì nu orí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, ohun méjì ló ń ṣe yín. Ẹ máa ń lé nǹkan. Ibi tí mo ti kúrò lẹ máa ń yà. Ẹ dúró dè mí níbi tí mò ń bọ̀. Mo kúkú ń bọ̀."

Má-Mira ronú sí i. "Èkejì ńkọ́?"

"Ẹnu yín."

Ó lọ sí kíṣìnnì, ó mú ìdí búrẹ́dì kan bọ̀, èyí tó ti gan, tó le bí pákó. Ó tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Ẹ fi eyín di èyí mú. Tí ọwọ́ yín bá ti wà lára kámẹ́rà, kò gbọdọ̀ jábọ́."

Lọ́jọ́ kejì, àkùkọ fò. Má-Mira ti na kámẹ́rà sí ojú ibi tó máa ń gbà sílẹ̀, ó fi eyín di búrẹ́dì mú, kò sọ nǹkan kan. Kẹ́! Ẹ wá wò ó! Àkùkọ wà lófuurufú, ìyẹ́ méjèèjì na gbọọrọ, èékánná yọ. Orí rẹ̀ nìkan ni ò sí níbẹ̀.

Má-Mira jó yí ilé ká. Ó mú fọ́tò àkùkọ aláìlórí náà lọ ká Kíá-Kíá mọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, orí rẹ̀ dà?" Kíá-Kíá bi í.

"Orí ń bọ̀ lọ́jọ́ eré ìje!"

Ọjọ́ eré ìje pé. Èrò kún pápá bámúbámú. Adájọ́ ni olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi fèrè kọ́ ọrùn, tí kì í fi ọ̀rọ̀ òfin ṣeré. Wọ́n ta rìbọ́ọ̀nù pupa sí òpin ìlà. Àwọn sárésáré tò: nọ́ọ̀sì ń na ẹsẹ̀, alágbàfọ̀ ń fò sókè sódò, apínlẹ́tà wà níbẹ̀, géétímáànù ilé ìfowópamọ́ náà sì bọ́ fìlà. Ìyàwó Má-Mira so tówẹ̀ẹ̀lì mọ́ ọrùn. Kò wo nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn rìbọ́ọ̀nù lọ́hùn-ún ló ń wò, níbi tí ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí, tó ti na kámẹ́rà sí ojú ibi tí òun ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́ràn fún ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun kan ló kù. Ìdí búrẹ́dì gígan wà nílé lórí tábìlì. Ó ti gbàgbé rẹ̀.

Kí ló ṣe? Ó bọ́ sídìí àwọn ará ilé búrẹ́dì tí wọ́n pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀kan. Wọ́n fún un ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó ń gbóná. Ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Òórùn rẹ̀ ń fà á nímú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni yóò fi búrẹ́dì gbígbóná sẹ́nu tí yóò sọ pé òun kàn ń fi eyín dì í mú ni?

Fííííín!

Wọ́n gbéra. Gìrì gìrì gìrì gìrì! Pápá ń mì. Ìyàwó Má-Mira àti nọ́ọ̀sì dọ́gba, èjìká sí èjìká. Má-Mira kúnlẹ̀, ó di ojú kan, ó sì jẹ búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan.

Ìyàwó rẹ̀ yọ imú síwájú. Má-Mira jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyàwó rẹ̀ yọ àyà síwájú. Àwọn ará ilé búrẹ́dì bú sígbe. "Ó ń lọ! Ó ń lọ! Ó ń gbà á lónìí!"

Gbìì. Búrẹ́dì wọ ikùn.

Obìnrin náà ń bọ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn, ẹnu rẹ̀ là, apá rẹ̀ ń ya atẹ́gùn, kò sẹ́ni tó tún wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ó ku ìṣísẹ̀ kan kó já rìbọ́ọ̀nù. Ó ti wọ ojú kámẹ́rà, ojú, imú, gìgísẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé! Má-Mira gbé ìka. Ṣùgbọ́n ìka ọkùnrin yìí àti ẹnu rẹ̀ ti ṣègbéyàwó láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹnu ò bá sọ̀rọ̀, ìka kì í tẹ nǹkan kan.

"MÁ MIRA!"

Ṣíì.

Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ dúró gbọn-in. Ẹsẹ̀ méjì papọ̀. Àgbọ̀n sókè. Èjìká sílẹ̀. Ọwọ́ lórí itan. Rìbọ́ọ̀nù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú imú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbọ̀n sókè. Òógùn ń wọ alágbàfọ̀ lójú, kò ṣẹ́jú. Apínlẹ́tà tó wà lẹ́yìn pátápátá gbé ẹsẹ̀ kan sókè bíi lékeléke, ó sì gbé e síbẹ̀. Géétímáànù ti dúró kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu Má-Mira.

Adájọ́ ńkọ́? Káàdì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò fọn ọ́n, kò yọ ọ́.

Gbogbo èrò dákẹ́. Obìnrin kan tó fẹ́ sín, sísín náà dúró sí i nímú. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, bisikíìtì mi wà láàárín ọwọ́ àti ẹnu. Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Èmi náà ní káàdì.

Ajá inú fọ́tò ọdún tó kọjá wà níbẹ̀. Ó jókòó. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

Kẹ́!

Má-Mira yí ẹ̀yìn kámẹ́rà wò. Yéè! Kò sí eruku. Kò sí gìgísẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni láti orí dé ẹsẹ̀, ó mọ́ débi pé ẹ lè ka òógùn iwájú orí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbàgbé ayé. Ó gbàgbé rìbọ́ọ̀nù. Ó gbàgbé pé òun ò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó mí.

"Mo mú ọ! Aya mi, mo mú ọ!"

Ó fò sókè, ó gbé eré dà sí ìyàwó rẹ̀ láti fi hàn án. Ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́, okùn kámẹ́rà ń na atẹ́gùn, ẹnu rẹ̀ là gbàràgàdà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ pátápátá.

Pààà!

Rìbọ́ọ̀nù pupa wé mọ́ ọn láyà.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mira. Ojú nọ́ọ̀sì ti ń pọ́n. Alágbàfọ̀ ti fẹ́ dákú. Ìyàwó rẹ̀ ò ya ètè, àárín eyín ló ti sọ̀rọ̀.

"Ó wọlé?"

"Ó wọlé! Háà! Ẹ mí! Ẹ mí!"

Hààààààà!

Gbogbo pápá mí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fìlà fò lórí àwọn èèyàn. Fèrè adájọ́ dún fúnra rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá wo ara wọn. Wọ́n wo ìlà. Wọ́n wo rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n wo àyà Má-Mira.

"Ta ló já rìbọ́ọ̀nù?" adájọ́ béèrè.

"Èmi ni, sà. Àmọ́ mi ò mọ̀ọ́mọ̀, sà."

"Ibi iṣẹ́ wo lò ń sáré fún?"

"Ilé fọ́tò, sà."

"Ibo lo ti sáré bọ̀?"

"Láti iwájú, sà."

"Iwájú kẹ̀!" Adájọ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń fọn fèrè, mi ò rí ẹni tó ti òpin sáré wá sí ìbẹ̀rẹ̀ rí!"

"Ṣé òun ló wá borí ni?" nọ́ọ̀sì bú jáde. "Kí èmi máa lọ sọ fún ọ̀gá mi pé fọ́tògíráfà ló fi mí sílẹ̀?"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rín ń pa gbogbo wa! Ẹnì kan ṣoṣo ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Má-Mira ṣì dúró síbi tó dúró sí, ó ń wo ilẹ̀, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Ìṣísẹ̀ kan," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Olówó orí mi, ìṣísẹ̀ kan ló kù."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Má-Mira. Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é, ìwà ara rẹ̀ sì kó o nírìíra. Rìbọ́ọ̀nù wà lọ́rùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú adájọ́.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sá. Èmi ni ẹ bá wí. Ẹ má fi ti ẹnu mi jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níyà."

Adájọ́ wò ó sókè, ó wò ó sódò. "Wọn á tún un sá. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dí ẹnu yìí fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é. Ó tú tówẹ̀ẹ̀lì ọrùn rẹ̀, ó fi wé ẹnu ọkọ rẹ̀ yí ká, ó ta á ní kókó mẹ́ta lẹ́yìn orí. Bó ṣe ń ta kókó kẹta, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n léjìká.

"Ṣé ẹ lè mí?"

"Hm-hm."

"Ẹ ṣáà má sáré wọ pápá."

Wọ́n tún tò. Fííííín! Gìrì gìrì gìrì! Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí èjìká sí èjìká kankan. Obìnrin náà fò kọjá bí ẹni tí ààrò ń jó lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Pààà! Ó já rìbọ́ọ̀nù! Àwọn ará ilé búrẹ́dì ju ìyẹ̀fun sókè, gbogbo wọn funfun bí ẹfun. Wọ́n gbé e lérí, ọ̀gá rẹ̀ ń jó, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá dì mọ́ ọn.

Má-Mira kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó tẹ kámẹ́rà gan-an lásìkò. Ṣùgbọ́n omijé ayọ̀ ti bo ojú rẹ̀, kò sì rí ibi tó kọ kámẹ́rà sí.

Wọ́n pagbo yí i ká láti wo ohun tó yà.

Gìgísẹ̀ ni.

"Ti òsì ni èyí o!" ó sọ nígbà tí wọ́n tú u lẹ́nu. "Ẹ wò ó. Kò sán."

"Èyí àkọ́kọ́ dà?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. Ó fi hàn án. Obìnrin náà wo ara rẹ̀: àgbọ̀n sókè, èjìká sílẹ̀, ọwọ́ lórí itan. "Èyí kẹ̀? Ẹ gbé àga sábẹ́ mi, ó parí."

Ni gbogbo ojú bá yí sí Kíá-Kíá. Òun nìkan ni ò dúró nígbà tí ayé dúró, torí kò jókòó sórí àpótí yẹn rí. Fúnra rẹ̀ ló ń ya ara rẹ̀. Ṣé ó ya ìyàwó nígbà tó borí?

Kíá-Kíá yún orí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Fóònù ti kú nígbà yẹn. Fọ́tò àkọ́kọ́ ni mò ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú tí iná rẹ̀ fi tán."

"Fọ́tò àkọ́kọ́ wo?"

Ó lọ fi iná sí fóònù, ó gbé e wá.

Ẹ mú mi dání!

Má-Mira ni. Ó wà lófuurufú, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ẹ̀wù ń fẹ́, ẹnu là, èèrún búrẹ́dì wà ní àgbọ̀n rẹ̀, rìbọ́ọ̀nù pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já láyà rẹ̀. Níwájú rẹ̀ gan-an, ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì, alágbàfọ̀, géétímáànù àti apínlẹ́tà dúró ṣanṣan bí òpó gòólù. Ajá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Mo ní kí ojú mi wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀. Mo ní kí eré wà níbẹ̀, eré wà níbẹ̀. Ẹ sì ti fi ẹnu ara yín sọ fọ́tò ẹni tí a máa fi síbẹ̀ bẹ́ ẹ bá kùnà."

Má-Mira gba fóònù, ó lọ tẹ fọ́tò náà jáde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án sínú férémù aláwọ̀ góòlù, gbó! gbó! gbó! Títí dòní, ọ̀ọ́kán rẹ̀ ló máa ń gbé ìjókòó sí fún àlejò, kí wọ́n má bàa ṣàì rí i. Ìjẹta ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá wọlé, tó gbàgbé àpò lọ́wọ́, tó ń wo ògiri.

"Ta lẹni tó ń sáré kíkan kíkan yìí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Àwọn tó dúró yìí ńkọ́?"

"Àwọn ni wọ́n ń sá eré ìje."

"Kí ló wá dá wọn dúró?"

"Mo ní kí wọ́n má mira."

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ férémù, ó tún wò ó, ó wo Má-Mira lójú.

"Ìwọ wá ńkọ́? Kí ló dé tí ìwọ ò dúró?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."